ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Anna Hinderer, Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì

 

*Bíbélì kíkà:* Jákọ́bù 1:27

Obìnrin kan la fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n bí Anna Martin ní Norfolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1827. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tó ń dàgbà, àlùfáà ìjọ Lowestoft àti ìyàwó rẹ̀ gbà á sọ́dọ̀ bí ọmọ. Kò pẹ́ tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ tálákà ìlú jọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń kọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n gbà tọ́ ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní 1852 ó fẹ́ David Hinderer, òjíṣẹ́ CMS tó jẹ́ ọmọ Jámánì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dé Ìbàdàn, wọ́n sì kọ́lé sí Kúdẹtì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Yorùbá kì í ju ọmọ òrukàn nù. Bí bàbá bá kú, ẹ̀gbọ́n bàbá ń bẹ. Bí ìyá bá lọ, ìyá àgbà á gbé ọmọ pọ̀n. Àmọ́ ogun ayé ìgbà yẹn já okùn ẹbí. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n wá tà ní Ìbàdàn, ta ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ níbẹ̀? Kò lẹ́nì kankan àfi ẹni tó fowó rà á.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí tọkọtaya yìí rà padà, tí wọ́n mú wá sílé. Àwọn òbí mìíràn fi ọmọ wọn sílẹ̀ fúnra wọn. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ ló kọ́kọ́ fi ọmọ méjì sílẹ̀, Yéjídé àti Akínyẹlé. Ọ̀pọ̀ òbí ò gbà o. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn, wọ́n ń bẹ̀rù pé ìwé á sọ ọmọkùnrin di ojo. Síbẹ̀ ilé náà ń kún. Anna ń kọ́ wọn ní ìwé àti orin, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ rí.

Ní 1860, ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ibi tí ìtàn yìí ti kan àwa ará Ìjẹ̀bú nìyí. Àwọn bàbá wa àti àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n sì ti ọ̀nà Èkó pa mọ́ Ìbàdàn. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú sí Ìbàdàn tí mọ́tò wa ń gbà lónìí láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò ṣeé gbà nígbà yẹn. Owó tó yẹ kó ti Èkó wá kò dé mọ́. Owó ẹyọ tán nílé Kúdẹtì. Wọ́n ń ta ẹrù ilé kí wọ́n tó rí oúnjẹ rà. Ebi pa wọ́n, ọmọ àti àgbà.

Ṣé ẹnikẹ́ni á bá a wí tó bá ní kí ọmọ kálukú máa lọ? Àìsàn ń ṣe é, ebi ń pa á, òun kọ́ ló bí wọn. Kò tú ilé náà ká. Ìwọ̀nba tó wà, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń jẹ ẹ́.

Ní 1865, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán Captain Maxwell gba inú igbó wá gbé e. Wákàtí díẹ̀ ló ní láti fi dágbére. Ó tún padà wá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ara kò gbà á mọ́. Ní 1869 wọ́n lọ pátápátá. Ní June 1870 ó sùn nínú Olúwa, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ilé náà kò kú. Daniel Olúbi, tó bá wọn dé Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ló di olórí ìjọ níbẹ̀. Samuel Johnson tó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ilé ìwé Kúdẹtì ló lọ ní kékeré. Orúkọ Yéjídé ṣì wà lára ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Ìbàdàn títí dòní.

*Ẹ̀kọ́ fún wa:* Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé àpò ìrẹsì lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí lásìkò Kérésì. Ó dáa, ẹ má ṣe jáwọ́. Àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ti kú, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń jí ṣáájú gbogbo ilé ńkọ́? Nígbà tí gààrí bá wọ́n, abọ́ ta la kọ́kọ́ ń dín kù? Owó iléèwé ta la kọ́kọ́ ń dá dúró? Ìgbà ọ̀pọ̀ kọ́ la fi ń mọ ẹni tó gba ọmọ tọ́. Ìgbà ọ̀wọ́n ni.

*Iṣẹ́ òní:* Kí ilẹ̀ tó ṣú, pe ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ jókòó. Béèrè bó ṣe ń ṣe sí, kí o sì gbọ́ ọ dópin.

*Àdúrà:* Bàbá aláìní bàbá, má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ kankan sunkún sùn lábẹ́ òrùlé wa láìjẹ́ pé a gbọ́. Fún wa ní ọkàn tó gba ọmọ mọ́ra nígbà tí oúnjẹ bá kéré. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.