Joseph Wolpe: Dókítà ọmọ South Africa tó fi ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ ṣẹ́gun ìbẹ̀rù

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun tí ẹ̀rù ojú ogun kò kúrò lára wọn wà ní ilé ìwòsàn ológun ní Kimberley, South Africa. Joseph Wolpe wà lára àwọn dókítà tó ń tọ́jú wọn. Wọ́n fún wọn ní oògùn kan kí wọ́n lè sọ gbogbo ohun tí ojú wọn rí. Wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà kò lọ. Ìjákulẹ̀ yìí ló yí iṣẹ́ ayé Wolpe padà.

Johannesburg ni wọ́n ti bí i ní 20 oṣù Kẹrin, 1915. Yunifásítì Witwatersrand ló ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹ̀kọ́ Sigmund Freud ló gbilẹ̀ nígbà náà, pé ohun tó fara sin sínú ọkàn láti ìgbà èwe ni gbòǹgbò irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Wolpe kúrò lójú ọ̀nà yìí. Ó gbà pé ṣe ni ara ń kọ́ ìbẹ̀rù, bí ẹni tí ejò bù jẹ rí ṣe ń sá fún ekòló. Ohun tí ara bá sì kọ́, ara lè gbàgbé rẹ̀.

Ológbò ló fi dán an wò. Ó fi iná mànàmáná dẹ́rù bà wọ́n nínú àgò, títí wọn kò fi jẹun níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ó ń fún wọn lóúnjẹ ní yàrá tí kò jọ ti àkọ́kọ́, ó sì ń sún un mọ́ àgò náà díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi jẹun nínú rẹ̀. Ìyà jẹ àwọn ẹran náà, ṣùgbọ́n Wolpe rí ohun tó ń wá.

Fún ènìyàn, ìfọ̀kànbalẹ̀ ló fi rọ́pò oúnjẹ, nítorí pé ara kò lè balẹ̀ kó tún máa gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àyà oníṣòwò kan ní Treichville, Abidjan, bá ń já láti gba orí afárá kọjá ọ̀sà lọ sí Plateau, dókítà kò ní tì í síbẹ̀. Yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń dẹ iṣan ara. Yóò ní kó fojú inú wo afárá náà láti òkèèrè, kó tó rò ó pé òun dé ẹnu rẹ̀, kó tó dé àárín omi. Bí àyà bá já, wọn yóò padà sí ìpele tó rọrùn.

Ní 1958, Wolpe tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà yìí. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1960, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Temple láti 1965. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Freud takò ó, pé ìbẹ̀rù tí a kò hú gbòǹgbò rẹ̀ yóò gba ibòmíràn yọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn sì rí i lẹ́yìn náà pé kíkojú ìbẹ̀rù ní ìpele-ìpele lè ṣiṣẹ́, kódà láìsí dídẹ iṣan.

Wolpe kú ní Los Angeles ní oṣù Kejìlá 1997, ní ẹni ọdún 82. Ọ̀nà tó ń wá fún àwọn ọmọ ogun Kimberley dé lẹ́yìn tí ogun ti parí. Àwọn tó ń bẹ̀rù ejò, ibi gíga tàbí afárá lónìí ló ń jẹ èrè rẹ̀.