Al-Shatibi: Àáfà ìlú Granada tó wádìí ìdí tí òfin fi wà

Lóde òní, bí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù bá péjọ láti jíròrò lórí Ṣàríà, tí wọ́n sì fẹ́ fi yé àwọn ènìyàn pé àǹfààní ẹ̀dá ni Ọlọ́run torí rẹ̀ fi òfin lélẹ̀, orúkọ kan wà tí kì í gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ wọn. Orúkọ náà ni Abu Ishaq Ibrahim ọmọ Musa, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Al-Shatibi. Ó ti lé ní 630 ọdún tó ti jáde láyé, síbẹ̀ ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń ṣí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé àwọn kan nínú ará ìlú rẹ̀ kà á sí aládàádáálẹ̀ nígbà tó wà láàyè.

Ìlú Granada, ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì, ni Al-Shatibi gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Andalus ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ilẹ̀ náà nígbà náà. Orúkọ tó ń jẹ́ wá láti Shatiba, ìlú kan ní apá ìlà-oòrùn Andalus tí àwọn ọba Kìrìsìtẹ́nì ti gbà lọ́wọ́ Mùsùlùmí ní ọ̀rúndún kẹtàlá, kí wọ́n tó bí i. Cordoba ti bọ́ ní 1236, Seville náà ti bọ́ ní 1248. Ìjọba Granada nìkan ló ṣẹ́kù, àwọn ọmọ ogun Castile sì ń ṣọ́ ibodè rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tó gba ayé kan nígbà náà tún dé Andalus ní 1348. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè lórí ohun tí òfin wà fún kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà àáfà ló ti gba ìmọ̀. Ibn al-Fakhkhar kọ́ ọ ní gírámà èdè Lárúbáwá. Al-Maqqari, tó jẹ́ àgbà kádì ìlú Fez, wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Abu Sa'id ibn Lubb, àgbà onífátíwà Granada. Ọ̀nà Imam Malik ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé nínú òfin, ọ̀nà kan náà tí ọ̀pọ̀ jù lọ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan ilẹ̀ Yorùbá, ń tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ odi ìlú wà lára ohun tó fi èrò Al-Shatibi hàn. Ìbéèrè dìde pé ǹjẹ́ ó tọ́ kí wọ́n bu owó lé àwọn ará ìlú láti fi mọ odi. Ibn Lubb, olùkọ́ rẹ̀, dáhùn pé kò tọ́, nítorí pé Ṣàríà kò la irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Al-Shatibi kò gbà. Lójú tirẹ̀, bí àpò ìjọba kò bá ká a mọ́, tí odi kò sì sí, ọ̀tá yóò wọlé, ẹ̀mí àti dúkìá yóò ṣòfò, ẹ̀sìn gan-an kò sì ní rí ibi dúró sí. Ohun tí òfin ń dáàbò bò ni odi náà ń dáàbò bò. Nítorí náà, ó ní wọ́n lè gba owó náà.

Èrò yìí ló gbilẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀, Al-Muwafaqat. Àwọn àgbà bíi Al-Juwayni àti Al-Ghazali ti sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí òfin fi wà ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Al-Shatibi ló sọ ọ́ di ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ tó dúró fúnra rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé nǹkan márùn-ún ni gbogbo òfin ń ṣọ́: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, àrọ́mọdọ́mọ, dúkìá àti làákàyè. Kò gbé èyí ka orí ẹyọ àáyá tàbí hádíìsì kan ṣoṣo. Ńṣe ló kó ẹ̀rí jọ láti orí kan dé òmíràn, títí tí ohùn gbogbo wọn fi ṣọ̀kan, tí iyèméjì kò fi sí mọ́.

Ó tún pín àǹfààní ẹ̀dá sí ìpele mẹ́ta. Èkíní ni ohun tí ayé yóò dàrú bí kò bá sí. Èkejì ni ohun tó ń mú ìnira kúrò, bí àpẹẹrẹ, ìyọ̀ǹda pé kí aláìsàn jẹun nínú ààwẹ̀, kí arìnrìn-àjò sì gé ìrun rẹ̀ kúrú. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń bu ẹwà kún ìgbé ayé, bíi ìmọ́tótó àti ìwà ọmọlúàbí nídìí oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n Al-Shatibi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdí òfin ṣe bojúbojú láti sá fún òfin. Ó mú àpẹẹrẹ ẹni tó ta dúkìá rẹ̀ lọ́rẹ nígbà tí ọdún kù díẹ̀ kó pé, kí sàká má baà kan án, tó sì tún gba dúkìá náà padà lẹ́yìn náà. Lójú ènìyàn, kò rú òfin kankan, ṣùgbọ́n ó ti pa ìdí tí sàká fi wà, èyí tí í ṣe ìrànlọ́wọ́ fún aláìní. Bákan náà ló bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn onífátíwà tó máa ń wá ìdáhùn tó rọrùn fún ọ̀rẹ́ àti ẹbí wọn, tí wọ́n á sì fún àlejò ní èyí tó le.

Ìdúróṣinṣin yìí kó o sí wàhálà. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe lèmọ́mù tó ń ṣe wáàsí, ó kọ̀ láti máa ṣe àdúà àpapọ̀ lẹ́yìn ìrun, nítorí pé kò rí i nínú ìṣe Àǹábì, bẹ́ẹ̀ ni kì í dárúkọ ọba nínú wáàsí Jímọ̀. Ni àwọn kan bá ní ó sọ pé àdúà kò wúlò. Àwọn mìíràn ní ó fara mọ́ ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Nítorí pé ó takò àṣà àwọn Súfì kan, wọ́n pè é ní ọ̀tá àwọn ẹni mímọ́ Ọlọ́run, bó sì ṣe di ìdájọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù nínú ọ̀nà Malik mú, wọ́n ní ó le jù. Ibn Lubb, olùkọ́ rẹ̀, wà lára àwọn tó takò ó lórí ọ̀rọ̀ àdúà. Al-Shatibi to gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí sínú ìwé rẹ̀ kejì, Al-I'tisam. Ó ní òun wò ó bóyá kí òun bá ayé rìn kí òun lè rí ìsinmi, àbí kí òun di Súnnà mú kí òun sì fara gbá a. Èyí tó kẹ́yìn ló yàn. Ìwé náà kò parí kí ikú tó dé ní oṣù Ṣàábánì ọdún 790, tí í ṣe 1388.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Ọ̀kan nínú wọn, Abu Bakr ibn Asim, kọ ìwé ewì òfin kan, Tuhfat al-Hukkam, tí àwọn kádì ọ̀nà Malik gbẹ́kẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ahmad Baba, àáfà ńlá ìlú Timbuktu, kọ ìtàn ìgbé ayé Al-Shatibi sínú ìwé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ odi ìlú wà. Ahmad Baba yìí kan náà ló dárúkọ Yorùbá nínú ìwé tó kọ lórí òwò ẹrú ní nǹkan bí 1615. Ní 1884, wọ́n tẹ Al-Muwafaqat jáde ní ìlú Tunis, Muhammad Abduh ti ilẹ̀ Íjíbítì sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti kà á. Láti ìgbà náà, ìwé náà kò kúrò lọ́wọ́ àwọn onímọ̀.

Granada bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọba Sípéènì ní 1492, odi kò sì gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọkùnrin náà kò bá ìlú rẹ̀ lọ: ẹni tó bá di òfin mú láìmọ ìdí rẹ̀ yóò fi ni ẹ̀dá lára, ẹni tó bá sì ń pariwo ìdí òfin láìtẹ̀ lé òfin, ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ló ń sìn.