Henry Dunant, Ẹni Tí Ó Kọ́ Ayé Láti Má Ṣe Tẹ Ẹni Tí Ó Ṣubú Mọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ eré ìdárayá ọdọọdún ní ilé-ìwé wa, àwọn ọmọ kan wà tí kì í bá àwọn yòókù sáré, tí wọn kì í sì í gba ife ẹ̀yẹ. Wọn a dúró sí etí pápá pẹ̀lú àmì àgbélébùú pupa lára aṣọ wọn, wọn a sì máa ṣọ́ ẹni tí yóò ṣubú. Bí ẹnìkan bá ṣubú, wọn kì í bèèrè bóyá ọmọ ilé Pupa ni tàbí ọmọ ilé Àwọ̀ Ewé kí wọ́n tó gbé e. Púpọ̀ nínú wa tí a ti jáde níbí ni ó ti wọ aṣọ náà rí, láì mọ orúkọ ẹni tí àṣà náà ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí a sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé àjọ̀dún yìí, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó yege nínú wa, ó sì ní ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó kùnà.

Henry Dunant ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ìlú Geneva, ní ilẹ̀ Switzerland, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Èbìbí, ọdún 1828. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa ran àwọn ọmọ aláìlóbìí àti àwọn tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ a máa tọ́jú àwọn aláìsàn àti àwọn tálákà. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí Dunant di géńdé, òun náà a máa bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, ó sì wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́mọkùnrin Onígbàgbọ́, tí a mọ̀ sí YMCA, sílẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1852. Ní ti ẹ̀kọ́ ìwé, a kò ní fi bò: máàkì rẹ̀ kò dára, ó sì ní láti fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ láìparí. Ó wá lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ìfowópamọ́ kan.

Iṣẹ́ yìí ni ó gbé e dé ilẹ̀ Algeria, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Faransé nígbà náà. Ó gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ àti ará láti dá okòwò sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó lè dá oko kí ó sì máa lọ àlìkámà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àṣẹ ilẹ̀ àti omi kò yanjú. Nígbà tí ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò dá a lóhùn, ó pinnu láti lọ bá Napoleon Kẹta, ọba Faransé, fúnra rẹ̀. Ọba náà wà ní àríwá Ítálì lákòókò yìí, níbi tí ó ti ń bá àwọn ará Austria jagun. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé òwò ni Dunant bá lọ, ogun ni ó bá pàdé.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Òkúdu, ọdún 1859, àwọn ọmọ ogun méjèèjì kọlu ara wọn ní Solferino. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí ó kú, tí ó gbọgbẹ́, tàbí tí a kò rí mọ́ ti tó nǹkan bí 40,000. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Dunant dé ìlú Castiglione tí ó wà nítòsí. Ibẹ̀ ni a ń kó àwọn tí ó gbọgbẹ́ wá, títí wọ́n fi kún inú ilé, ojú pópó àti ilé Ọlọ́run. Àwọn dókítà kò tó nǹkan. Òùngbẹ ń pa àwọn ẹlòmíràn kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi wà, nítorí kò sí ẹni tí yóò bu omi náà fún wọn.

Dunant kì í ṣe dókítà. Aṣọ funfun tí arìnrìn-àjò ń wọ̀ ni ó wọ̀. Ṣùgbọ́n ó kó àwọn obìnrin ìlú náà jọ, ó ní kí àwọn ọmọdé máa pọn omi, ó fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ ìdi-egbò àti oúnjẹ, ó sì jókòó ti àwọn tí ń kú lọ kí ó lè gba iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán sí ìyá wọn. Nígbà tí àwọn obìnrin náà rí i pé kò ya ará Faransé sọ́tọ̀ kúrò lára ará Austria, àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wí fún ara wọn pé arákùnrin ni gbogbo wọn. Ó tún bẹ̀bẹ̀ títí a fi tú àwọn dókítà Austria tí a mú lóǹdè sílẹ̀, kí wọ́n lè bá wọn ṣe ìtọ́jú. Aláàánú ará Samáríà tí a ń kọ́ nínú kíláàsì Bíbélì kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó padà dé ilé, ohun tí ó rí kò jẹ́ kí ó sinmi. Ní ọdún 1862, ọdún kan náà tí ogun fọ́ Ìjàyè ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹ̀dà 1,600 ìwé kan jáde lórí Solferino, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọba àti àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun méjì ni ó bèèrè: pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá ẹgbẹ́ olùrànlọ́wọ́ sílẹ̀ nígbà tí àlàáfíà wà, àti pé kí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí òfin tí yóò dáàbò bo ẹni tí ó gbọgbẹ́ àti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ní oṣù Èrèlé, ọdún 1863, òun àti Gustave Moynier tí í ṣe agbẹjọ́rò, Ọ̀gágun Dufour, àti dókítà méjì, Appia àti Maunoir, bẹ̀rẹ̀ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí ó di Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ògún, ọdún 1864, orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́. Àdéhùn náà kò gùn, ẹsẹ mẹ́wàá péré ni. Ó ní kí a tọ́jú ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́, ti ilẹ̀ yòówù kí ó jẹ́; kí a má ṣe kọlu ilé ìwòsàn ogun àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀; kí a dá ará ìlú tí ó bá ṣe ìrànlọ́wọ́ sí; kí àgbélébùú pupa lórí aṣọ funfun sì jẹ́ àmì fún gbogbo wọn. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti ṣubú, tí kò lè jà mọ́, kì í ṣe ọ̀tá mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Dunant fúnra rẹ̀ ṣubú. Bí ó ti ń sáré kiri nítorí ẹ̀dá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ó pa okòwò Algeria tì. Ní ọdún 1867 okòwò náà wó, owó àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e sì bá a lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé-ẹjọ́ Geneva dá a lẹ́bi pé ó tan àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Ẹ̀bi rẹ̀ ni, a kò sì gbọdọ̀ torí iṣẹ́ rere rẹ̀ pe dúdú ní funfun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí erin bá ṣubú ni oríṣiríṣi ọ̀bẹ ń jáde. Ìgbìmọ̀ tí ó bá wọn dá sílẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Ó fi Geneva sílẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ní Paris, àwọn òru kan wà tí ó jẹ́ pé ibùdókọ̀ ojú irin ni ó ń sùn. Ó ń fi tàdáwà kun ibi tí ẹ̀wù dúdú rẹ̀ ti ṣá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbilẹ̀ káàkiri ayé, àwọn ènìyàn sì rò pé ó ti kú.

Abúlé kan tí ń jẹ́ Heiden, ní Switzerland, ni ó gbà á. Láti ọdún 1892, inú yàrá kan ní ilé ìwòsàn ibẹ̀ ni ó ń gbé. Ní ọdún 1895, akọ̀ròyìn kan rí i níbẹ̀, ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ayé tún gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ta ènìyàn lọ́rẹ ní 1901, òun àti Frédéric Passy ará Faransé ni ó pín in. Kò fi owó náà kẹ́ ara rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1910. Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀ ni ó ti fi owó sílẹ̀ fún ibùsùn ọ̀fẹ́ kan ní Heiden, fún tálákà tí ó bá ń ṣàìsàn.

Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ kò bá a kú. Ní ọdún 1949 ó di àdéhùn mẹ́rin, tí ó dáàbò bo ẹni tí ó gbọgbẹ́ lórí ilẹ̀, ẹni tí ó gbọgbẹ́ lójú omi, òǹdè ogun, àti ará ìlú tí kò gbé ohun ìjà. Àwọn àgbà nínú wa tí ó rí ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, láti 1967 sí 1970, rántí oúnjẹ àti oògùn tí ó dé lábẹ́ àmì náà. Òtítọ́ ni pé a ń rú òfin yìí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí òfin, kí ni a ó fi dá ẹni tí ó sọ bọ́ǹbù lu ilé ìwòsàn lẹ́bi?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ní àjọ̀dún bí èyí, orúkọ àwọn tí Ọlọ́run gbé ga ni a máa ń kà sókè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a jọ jókòó ní kíláàsì, tí okòwò wọn wó, tàbí tí wọ́n ṣe àṣìṣe tí ìtìjú rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n yọjú sí wa mọ́. Bí òfin bá lè ní kí ọmọ ogun gbé ọ̀tá rẹ̀ tí ó ṣubú, kí ni yóò dá wa dúró láti wá ọ̀rẹ́ wa lọ? Kí olúkúlùkù wa wá ẹnìkan rí kí àjọ̀dún tí ń bọ̀ tó dé, kí Olúwa sì fún wa ní ọkàn tí kì í bèèrè ilé tí ẹni tí ó ṣubú ti wá.