Ìgbésí Ayé Sir Peter Mackie, Oníṣòwò Wísíkì Eléèéfín

Ìtàn tí a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó lówó, tí ó lórúkọ, tí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n tí adùn èéfín inú ọtí kan borí rẹ̀. Sir Peter Mackie ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Peter Aláìsinmi.

Ní ọdún 1855 ni a bí i ní St. Ninians, lẹ́bàá ìlú Stirling ní ilẹ̀ Skọ́tílándì. Ní ọdún 1878 ó wọ ilé òwò ọtí ti James Logan Mackie, mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ̀. Wọ́n sì rán an lọ sí erékùṣù Islay, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé ìpọntí Lagavulin.

Iṣẹ́ tí ó kọ́ nìyí. Wọn a rẹ ọkà báálì sínú omi títí yóò fi hù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Lẹ́yìn èyí wọn a fi iná gbẹ ẹ́. Igi ìdáná ṣọ̀wọ́n ní Islay, nítorí náà ilẹ̀ ni wọ́n ń gé dáná: ilẹ̀ dúdú tí ewéko jíjẹrà ti dì pọ̀ láti ayébáyé, tí à ń pè ní píìtì. Èéfín píìtì a wọ inú ọkà náà lọ. Wọn a lọ̀ ọ́, wọn a pò ó mọ́ omi gbígbóná, wọn a fi ìwúkàrà sí i, wọn a sì sè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò bàbà, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú àgbá igi fún ọdún púpọ̀. Síbẹ̀ èéfín náà kì í lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ adùn irú wísíkì bẹ́ẹ̀ kì í gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ ni à ń bù sínú ife. Imú ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: òórùn ẹja yíyan, ti eérú, ti omi òkun, àti ti oògùn tí a fi ń wẹ egbò. Nígbà tí a bá fi kan ẹnu, a ó jẹ́ kí ó dúró lórí ahọ́n. Bí a bá kán omi díẹ̀ sí i, adùn ọkà, tí ó dàbí oyin, a jáde láti ẹ̀yìn èéfín. Ẹlòmíràn a fajú ro lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ní sùúrù ni í mọ rírì rẹ̀.

Mackie mọ rírì rẹ̀. Ní ọdún 1890 ó gbé wísíkì àdàlù tí a ń pè ní White Horse jáde, ó fi orúkọ ilé èrò àtijọ́ kan ní Edinburgh pè é, ọtí Lagavulin sì wà nínú rẹ̀. Òwò náà gbilẹ̀ dé òkè òkun.

Ṣùgbọ́n nítòsí Lagavulin ni ilé ìpọntí Laphroaig wà, ilé òwò Mackie ni ó sì ń bá wọn ta ọtí wọn. Ní ọdún 1907 àwọn Laphroaig gba títà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó jẹ̀bi. Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó òkúta dí omi tí ń ṣàn lọ sí Laphroaig. Ilé ẹjọ́ tún dá sí i, omi náà sì ṣàn padà.

Nígbà náà ni ó gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1908 ó kọ́ ilé ìpọntí kékeré kan sínú ọgbà Lagavulin, ó pè é ní Malt Mill. Ó ṣe ìkòkò bàbà rẹ̀ ní àwòrán ti Laphroaig, ó sì gba òṣìṣẹ́ tí ó ti ń pọn ọtí níbẹ̀ wá. Wọ́n tan iná píìtì, wọ́n pọn ọtí, wọ́n tọ́ ọ wò. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe Laphroaig. Wọ́n ń pọn ọn bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1962 tí a ti ilé náà pa, kò sì dọ́gba rí.

Kò yẹ kí a fi ìjà yìí nìkan ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó takú pé kí a má ṣe ta wísíkì tí kò tíì gbó fún aráàlú. Òfin ọdún 1915 sì fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Òun ni ó náwó fún ìrìn àjò tí John Roscoe rìn ní ọdún 1919 sí 1920 lọ sí Ùgáńdà, láti ṣe ìwádìí àṣà àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ọba fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 1920. Ní oṣù Sẹ́ńtẹ́ńbà ọdún 1924 ni ó kú.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo ọ̀ràn yìí. Ọkùnrin yìí ra bàbà, ó kọ́lé, ó gba òṣìṣẹ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò lè ra omi àti ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Lagavulin tirẹ̀ wà níbẹ̀, tí àwọn tí ó mọ wísíkì ń yìn títí di òní olónìí. Ohun tí a ní là ń náání.