John Woolman (1720–1772): Ẹni tí Àánú Inú Rẹ̀ Borí Ẹsẹ Ìwé

Bí a bá ń ka ìtàn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó gba èbúté Wídà àti Àjàṣẹ́ lọ sí oko ẹrú lókè òkun, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu wa: ṣé àwọn tí ń ra ènìyàn lọ́hùn-ún kò ní ẹ̀sìn ni? Wọ́n ní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ka Bíbélì, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fa ọ̀rọ̀ yọ láti fi gbe òwò náà lẹ́sẹ̀. Ìtàn ẹnìkan láàárín wọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ ni èyí.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1720 ni wọ́n bí John Woolman ní New Jersey, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Inú ìjọ Quaker ni wọ́n ti tọ́ ọ. Àwọn Quaker máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìpàdé wọn, wọ́n á máa dúró de ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run tí wọ́n gbà pé ó wà nínú olúkúlùkù ènìyàn.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sọ òkò pa ìyá ẹyẹ kan. Kò pẹ́ tó fi rántí àwọn ọmọ ẹyẹ náà nínú ìtẹ́: ta ni yóò máa bọ́ wọn? Ó gun igi, ó pa wọ́n kí ebi má baà fi ìyà pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Láti ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá fi ohun kan sínú ènìyàn tí ń fà á sí ìṣeun sí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí.

Nígbà tó lé ní ọmọ ogún ọdún, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Mount Holly. Ọ̀gá rẹ̀ ta obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ó ní kí Woolman kọ ìwé títà rẹ̀. Nítorí pé ọ̀gá ló pàṣẹ, tó sì jẹ́ pé àgbà Quaker ló ń rà á, ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì sọ lójú àwọn méjèèjì pé níní ẹrú kò bá ẹ̀sìn Kristi mu. Nígbà tí ẹlòmíràn tún gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ó tún máa ń bá àwọn ènìyàn kọ ìwé ogún. Aládùúgbò kan tó fara pa ránṣẹ́ pè é, ó fẹ́ fi ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹrú rẹ̀ ṣe ogún fún ọmọ rẹ̀. Woolman kọ gbogbo ìwé náà, ó fo ibi ti ẹrú. Ó kà á fún un létí ibùsùn, ó ní òun kò ní gba owó, ó sì sọ ìdí tí òun fi fo ibẹ̀. Wọ́n jọ sọ ọ́ títí, ọkùnrin náà gbà láti dá ọmọ náà sílẹ̀, nígbà náà ni Woolman parí ìwé.

Ní ọdún 1757 ó rìnrìn àjò lọ sí Virginia. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ìran Kéènì ni aláwọ̀ dúdú, pé àwọ̀ wọn ni àmì Kéènì. Nígbà tó fi hàn pé ìkún-omi ti gbá ìran Kéènì lọ, wọ́n yí i sí ègún Hámù. Ó fún wọn lésì láti inú ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tí ẹsẹ ìwé kò lè bò lójú rẹ̀: ìhòòhò, ebi, àti ọkọ tí wọ́n tà kúrò lọ́dọ̀ aya. Bó bá sùn nílé olówó ẹrú, ó máa ń fi owó sílẹ̀ fún àwọn ẹrú tó ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Ìwé tó kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1754, apá kejì ní 1762. Ní ìpàdé ọdọọdún àwọn Quaker ní Philadelphia lọ́dún 1758, ó dìde sọ̀rọ̀. Wọ́n yan àwọn tí yóò máa bẹ àwọn olówó ẹrú wò, Woolman sì wà lára wọn. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, kì í bú ẹnikẹ́ni. Ó pa ṣúgà tì nítorí pé ẹrú ló ń ṣe é, ó sì ń wọ aṣọ tí wọn kò pa láró.

Ní 1772 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá àwọn atukọ̀ gbé nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ṣànpọ̀nná ló mú un ní York, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní 1776, àwọn Quaker Philadelphia pinnu pé ọmọ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́.

Woolman kò sọ Bíbélì nù. Ìwé kan náà ni òun àti àwọn tó bá a jiyàn jọ ń kà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé òun kò gba ìtumọ̀ kankan tí yóò pa àánú inú rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Nínú agboolé wa, níbi tí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti olórìṣà ti jọ ń gbé, kò ṣàjèjì sí wa: ìwà lẹ̀sìn.