João Rodrigues, Ògbufọ̀ Tó Wọn Àṣẹ

Gbólóhùn àṣẹ wà lára ohun tí a máa ń fò kọjá ní kíláàsì gírámà: ọ̀rọ̀-ìṣe kan, ó parí. Fún João Rodrigues, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Sernancelhe ní Pọ́túgà ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1561. Ó dé Jàpáánì lọ́dún 1577, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún. Ibẹ̀ ló ti wọ ẹgbẹ́ àlùfáà Jesuit, ibẹ̀ náà ló ti kàwé. Èdè ilẹ̀ náà yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ débi pé Tçuzu, ìyẹn ògbufọ̀, ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún 1591, òun ló gbufọ̀ fún Valignano, ọ̀gá àwọn Jesuit, níwájú Toyotomi Hideyoshi tó ń ṣàkóso Jàpáánì. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni Hideyoshi ti pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà òkèèrè kó jáde. Níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú tó láti ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Ó kó ìmọ̀ yìí sínú ìwé gírámà ńlá rẹ̀, Arte da Lingoa de Iapam, tí wọ́n tẹ̀ ní Nagasaki láàárín 1604 sí 1608. Gírámà Látìnì ló fi ṣe àwòkọ, àmọ́ Látìnì kò gba ohun tó bá níbẹ̀, torí pé àṣẹ ń yí padà bí ipò ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ṣe ga tó. Kí n fi ti òde òní ṣàpẹẹrẹ: ọ̀gá ológun á ní ike, ìyá á sọ fún ọmọ pé ikinasai, ẹni tó ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ á ní itte kudasai. “Lọ” ni gbogbo wọn. “Ẹ” tiwa ń gbìyànjú, àmọ́ àtẹ̀gùn kan péré ni. Òfin ńkọ́? Ikanakereba naranai: bí a kò bá lọ, kò ní ṣeé ṣe. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún nílé pé kò gbọdọ̀ má wá á mọ adùn rẹ̀.

Hideyoshi kú lọ́dún 1598. Tokugawa Ieyasu náà lò ó, pàápàá nínú òwò Nagasaki, ìyẹn sì kó ọ̀tá bá a. Lẹ́yìn ìjà lórí ọkọ̀ ojú omi Potogí kan ní èbúté Nagasaki, wọ́n ní kó máa lọ, lọ́dún 1610.

Macau ló forí lé. Ibẹ̀ ló ti tẹ gírámà kékeré jáde lọ́dún 1620, fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Jàpáánì. Macau náà ló kú sí lọ́dún 1633. Kò padà sí Jàpáánì mọ́.