Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀: Aṣẹ́gità Tó Di Olórí Ìjọba

Tẹrú-tọmọ ló mọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní amòfin àti olóṣèlú, ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ ẹ́ ní kékeré ló yẹ kí a máa rántí. Ìkẹ́nnẹ́ ni a bí i sí ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, 1909. Ní 1920, ikú mú baba rẹ̀ lọ, ìpọ́njú sì wọlé. Ó ṣẹ́gi tà, ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ fún onílé-onílé, kí ó lè rí owó ilé-ìwé san.

Kì í ṣe òun nìkan ni ojú rẹ̀ rí màbo. Ní Ògòtún Èkìtì, ọmọkùnrin a máa bá baba ro oko, ọmọbìnrin a máa bá ìyá hun ẹní. Iṣẹ́ kò burú fún ọmọ, bí kò bá ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí ọwọ́ Awólọ́wọ̀, ó pinnu pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò di ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ owó-orí bí ará ìlú nínú. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi níbẹ̀ nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀ kò yẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí kò tó 500,000 ní 1954 wá lé ní 800,000. Baba pàdánù ọwọ́ tó ń bá a ro oko. Ọmọ gba síléètì.

Awólọ́wọ̀ papòdà ní ọjọ́ 9, oṣù karùn-ún, 1987. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ ta ni ó ṣì ń ru igi kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé?